Pákó Tí Ẹ Kò Mọ Irú Igi Tó Jẹ́: Orí Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò

Ẹ gbé pákó kan tí ẹ kò mọ irú igi tó jẹ́ fún káfíńtà mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta lẹ lè gbà. Ọ̀kan á wo àwọ̀ rẹ̀, á ní máhógánì ni. Èkejì á gbé e lọ́wọ́ wò, á ní rárá o, máhógánì kì í fúyẹ́ báyìí. Ẹ̀kẹta á gbóòórùn rẹ̀, á ní igi ilẹ̀ òkèèrè ni. Kì í ṣe pé wọn ò mọṣẹ́ wọn. Igi tó ṣì dúró nínú igbó ní ewé, ó ní òdòdó, ó ní èso, ó ní èèpo, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn sì ni àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pe igi lórúkọ. Bí ayùn bá ti la igi náà sí pákó, gbogbo ìyẹn ti ṣẹ́ kù sẹ́yìn, ara igi nìkan ló dé ọwọ́ ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ara igi.

Ó sì ṣeé kà. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé ibi tí ẹ̀rí ò pọ̀ sí ni wọ́n ń wò. Pákó ní ojú, ó ní ẹ̀gbẹ́, ó sì ní orí. Ojú rẹ̀ tó fẹ̀ ló rẹwà. Òun ni wọ́n ń fá, òun ni wọ́n ń kùn, òun náà ni wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá mọ igi. Orí rẹ̀, níbi tí ayùn ti gé e dábùú, kò wuni í wò. Ó máa ń dọ̀tí, ó máa ń sán, nígbà míì wọ́n á ti fi ọ̀dà pa á kó má baà là. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti máa rí ẹnu gbogbo ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nígbà tí igi náà wà láàyè. Bí àwọn ọ̀nà yìí ṣe pọ̀ tó, bí wọ́n ṣe tóbi tó, bí wọ́n ṣe tò, àti ohun tó yí wọn ká, ó yàtọ̀ láti ìdílé igi kan sí òmíràn. Oòrùn kì í pa á dà. Ọ̀dà kì í pa á dà. Pákó tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ilé ṣì ní i lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ kúrò lọ́nà, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi yẹ́lò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń lù ú, yóò di búráwùn. Padauk, tó jẹ́ ẹbí osùn, máa ń pupa fòò lọ́jọ́ tí wọ́n là á, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí pákó búráwùn mìíràn. Purpleheart ti Gúúsù Amẹ́ríkà tún wá yani lẹ́nu: búráwùn eléérú ni inú rẹ̀ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ á sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò, tó bá sì pẹ́ sí i, á tún padà sí búráwùn. Igi cherry ti Amẹ́ríkà ń dúdú sí i bó ṣe ń gbó, igi walnut ń ṣí ní tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi pákó àtijọ́ wé àwòrán pákó tuntun nínú ìwé lè máa wá orúkọ tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀ràn kejì nínú àwọ̀ ni pé igi kan náà ní àwọ̀ méjì. Apá tó sún mọ́ èèpo, tó ṣì ń gbé omi lọ sókè, máa ń funfun tàbí kó ràkọ̀ díẹ̀ ní gbogbo igi, bóyá ìrókò ni o, bóyá àpá ni, bóyá igi dúdú pàápàá ni. Ìgbà tí apá yẹn bá kú tó di inú igi ni àwọn èròjà tó ń fún un láwọ̀, tó ń fún un lóòórùn, tó sì ń lé ikán jìnnà, máa ń dé. Pákó tí wọ́n gé láti ara funfun yìí nìkan ti pàdánù ìdajì ẹ̀rí rẹ̀. Inú igi ni kí ẹ máa yẹ̀ wò, kó sì jẹ́ ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìfági fá, torí àwọn tó ń tajà mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ pa igi olówó pọ́ọ́kú dà. Bí ẹ bá sì ti rí àwọ̀ náà tán, ohun tí pákó náà kì í ṣe ni kí ẹ fi mọ̀. Pákó tí inú rẹ̀ dúdú kirikiri kò lè jẹ́ arère, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n igi tó pupa tó sì fẹ́ jọ máhógánì pọ̀ láyé lọ́pọ̀ yanturu.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí pákó. Ẹ fi ayùn gé bíi sẹ̀ǹtímítà méjì kúrò kí ibi tó sán lè lọ. Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀ o, torí eyín ayùn ti fọ́ ẹnu àwọn ihò náà, ó sì ti fi ìyẹ̀fun igi dí wọn. Bí ẹ bá wá fi sáńpépà ha á, ẹ tún dí i sí i ni. Abẹ fẹ́lẹ́ tuntun ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹ kán omi díẹ̀ sí ibi tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ jẹ́ kó mu ún fún ìṣẹ́jú kan, pàápàá bí igi náà bá le. Kí ẹ wá fi abẹ náà lélẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ fà á bí ẹni ń bó nǹkan tó fẹ́lẹ́, ẹ má tì í wọlé. Ohun tó jáde gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ kò nílò ibi tó tóbi. Ìwọ̀n èékánná ọmọ-ìka ti tó. Ẹ má gbé ọwọ́ kejì síwájú abẹ. Bí igi náà bá le gan-an, abẹ kan lè má ju ìgé mẹ́ta mẹ́rin lọ kó tó kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata. Bí ẹ bá gé e dáadáa, ibẹ̀ á jọ̀lọ̀, á sì máa dán, àwọn ihò náà á lanu róbótó. Bó bá jẹ́ ìrun wúkuwùku lẹ rí, ẹ tún un gé. Ẹni tó bá fo iṣẹ́ abẹ yìí, kò sí ohun tí mo máa sọ síwájú tó máa wúlò fún un.

Lẹ́ńsì kékeré tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, irú èyí tí àwọn tó ń yẹ òkúta iyebíye wò ń lò, ni irinṣẹ́ kejì. Ojú yín ni ẹ máa gbé e sún mọ́, kì í ṣe pákó. Ẹ gbé lẹ́ńsì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú, kí ẹ wá máa gbé igi náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi mọ́lẹ̀ kedere. Kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá. Kámẹ́rà fóònù tó lè ya nǹkan láti ibi tó sún mọ́ pẹ́kípẹ́kí náà ń ṣiṣẹ́, ó tún dáa ní ti pé ẹ lè fi àwòrán náà pamọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ihò wà níbẹ̀ àbí kò sí? Páìnì, spruce, fir, cypress, yew àti àwọn ẹbí wọn kò ní ihò rárá. Ó ju ìdá 90 nínú 100 ara wọn lọ tó jẹ́ òpó tín-ín-rín kan náà tó kéré ju ohun tí lẹ́ńsì lè fi hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ máa rí ni òrùka ọdún, ìlà tó mọ́lẹ̀ àti ìlà dúdú tó ń tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ má fi líle pín wọn o. Balsa tó fúyẹ́ bí owú wà lára àwọn oníhò, yew tó le koránkorán wà lára àwọn tí kò ní. Bí pákó yín bá wà lára àwọn tí kò níhò, ẹ wá ojú oje, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tín-ín-rín tí oje igi ń gbà. Lára páìnì, ojú oje tóbi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì máa ń dúró, wọn ò ní ṣòro í rí. Lára spruce àti Douglas fir, wọ́n kéré sí i, wọ́n sì sábà máa ń so mọ́ra ní méjì mẹ́ta. Fir gidi, yew àti cypress kì í ní in. Bí a bá ti mọ ìyẹn, a ti yọ èyí tó pọ̀ jù kúrò nínú àwọn orúkọ tó lè jẹ́.

Àwọn oníhò ni ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú wọn. Ẹ wo bí ihò ṣe tò. Nínú oak, ash, elm àti tíìkì, ihò ńláńlá tò sí ìbẹ̀rẹ̀ òrùka ọdún kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn wọn ni àwọn kéékèèké wá tẹ̀ lé e, débi pé ẹ lè fi ojú lásán ka òrùka náà. Nínú maple, birch, ìrókò, àpá, ọ̀gànwó àti ọ̀pọ̀ jù lọ igi ilẹ̀ olóoru, ihò náà fọ́n káàkiri, ìwọ̀n wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra láti ìbẹ̀rẹ̀ òrùka dé òpin rẹ̀. Walnut wà láàárín méjèèjì: ihò rẹ̀ ń kéré sí i díẹ̀díẹ̀ bí òrùka ṣe ń parí lọ.

Lẹ́yìn ihò, ẹ wo ohun tó yí wọn ká. Igi ní ẹran rírọ̀ kan tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń mọ́lẹ̀ ju ti ìyókù lọ, torí náà ó máa ń hàn gbangba lórí ibi tí abẹ ti gé. Fún igi ilẹ̀ olóoru, mi ò mọ ẹ̀rí tó lágbára tó o. Lára àpá, ẹran yìí yí ihò kọ̀ọ̀kan ká, ó sì ṣe ṣóńṣó sí ọ̀tún àti òsì. Lára ìrókò, ṣóńṣó náà gùn, ti ihò kan ń nà dé ti èkejì, wọ́n wá so pọ̀ di ìlà kúkúrú tó ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Lára ekki, ìyẹn Lophira alata, kò tilẹ̀ yí ihò ká mọ́: ìlà gbọọrọ tó mọ́lẹ̀ ni, ó la orí pákó já láti ìhín dé ọ̀hún, tó jìnnà síra wọn déédéé. Igi mẹ́ta tí gbogbo wọn lè jẹ́ búráwùn, tí káfíńtà sì ń pè ní igi líle, ẹ ti fi ìwòye kan yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀rí kẹta ni àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń ti àárín igi lọ sí èèpo, tí wọ́n dá òrùka ọdún ní ìbú. Gbogbo igi ló ní wọn. Ti oak fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò nílò lẹ́ńsì. Òun náà ló ń hàn bí àbàwọ́n dídán lójú pákó tí wọ́n bá là gba àárín igi.

Ẹ jẹ́ ká wá mú pákó méjì gidi wò, tíìkì àti ìrókò. Wọ́n sábà máa ń ta ìrókò ní orúkọ tíìkì ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ kò sí ìbátan láàárín wọn. Ẹbí ọ̀pọ̀tọ́ àti mulberry ni ìrókò. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bí kìlógíráàmù 650 ni mítà kúbíìkì kan wọn. Bí wọ́n bá ti gbó, àwọ̀ wọn fẹ́ dọ́gba. Méjèèjì ń kọ ikán, méjèèjì ni wọ́n ń fi ṣe ilẹ̀kùn, méjèèjì ni wọ́n ń fi kan ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wá bẹ́ orí wọn. Lórí tíìkì, ẹ máa rí ihò ńlá tó tò ní ìlà kan sí mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ òrùka kọ̀ọ̀kan, ìlà ẹran rírọ̀ tó mọ́lẹ̀ sì bá wọn rìn, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ tẹ̀ lé òrùka náà. Lórí ìrókò, ẹ ò ní rí irú ìtò bẹ́ẹ̀. Ihò ńlá fọ́n káàkiri, òmíràn dá wà, òmíràn so mọ́ ìkejì rẹ̀, ẹran tó mọ́lẹ̀ na apá láti ọ̀kan dé èkejì. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó wá fi ìmú àti ọwọ́ jẹ́rìí sí i: tíìkì tuntun ń rùn bí awọ, ó sì ń ṣe bí ẹni pé wọ́n fi òróró díẹ̀ pa á, ìrókò gbẹ lọ́wọ́. Nígbà míì ẹ lè bá òkúta funfun nínú ìrókò, ẹfun líle tó ń ba eyín ayùn jẹ́. Bí ẹ bá rí i, ó ń ti ẹ̀rí yín lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àìrí i kò sọ nǹkan kan.

Máhógánì ni ìdàrúdàpọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nínú ọjà gẹdú gbogbo àgbáyé. Swietenia ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń jẹ́ orúkọ yìí, Khaya ti ilẹ̀ Áfíríkà, tí a mọ̀ sí ọ̀gànwó, ń jẹ́ ẹ, àwọn Shorea kan láti Éṣíà náà ń jẹ́ ẹ. Ìdílé kan ni àwọn méjì àkọ́kọ́, àlejò pátápátá ni Shorea. Lẹ́ńsì ń yà wọ́n láìṣe wàhálà púpọ̀. Swietenia ní ìlà tó mọ́lẹ̀ kedere ní òpin òrùka kọ̀ọ̀kan, Khaya kì í sábà ní in. Shorea ní ojú oje tó tò gbọọrọ ní ìlà kan, tí oje gbígbẹ ti sọ di funfun. Ẹ̀rí kan tún wà lójú pákó tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ẹ gbé pákó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ á ti gba orí rẹ̀ sálọ, bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó tò dábùú bí omi tí atẹ́gùn fẹ́ lé lórí, ó lè jẹ́ Swietenia, ó lè jẹ́ sapele, ó tún lè jẹ́ arère bó bá funfun tó sì fúyẹ́. Ọ̀gànwó kì í sábà ní ìlà yìí.

Igi oak náà pín sí ọ̀nà méjì, funfun àti pupa, àwọ̀ wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n. Iyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì wà nínú ihò: ti oak funfun máa ń dí bí inú igi bá ti gbó, nǹkan kan tó fẹ́lẹ́ tó sì ń dán á dàgbà sínú wọn títí wọ́n á fi kún. Ti oak pupa máa ń ṣí sílẹ̀. Ẹ gé igi oak pupa kékeré tó ta gbọọrọ, ẹ ki orí kan bọ omi, ẹ fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí orí kejì, omi á máa hó. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń fi oak funfun ṣe àgbá ọtí tí kì í jò. Àwọn tó fẹ́ kó dájú ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń po èròjà kan tó ń jẹ́ sodium nitrite mọ́ omi ní ìdá 10 nínú 100, wọ́n á kán an sí inú igi náà. Oak funfun á dúdú, oak pupa á kàn di búráwùn tó pọ́n díẹ̀.

Àwọn igi míì náà ń fi èròjà inú wọn sọ ara wọn. Ipe ti Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìyẹ̀fun yẹ́lò nínú ihò rẹ̀ tó ń jẹ́ lapachol; bí ẹ bá kán amóníà sí i, ó máa pupa lójú ẹsẹ̀. Àpá náà ní yẹ́lò nínú ihò, tirẹ̀ máa ń yòrò sínú omi, ó sì lè pa aṣọ láró. Bí ẹ bá rẹ pẹ́pẹ́ Pterocarpus indicus ti Éṣíà sínú omi nínú ife tó mọ́, tí ẹ gbé e sínú oòrùn níwájú nǹkan dúdú, omi náà á máa tàn búlúù. Lábẹ́ iná UV tó jẹ́ pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, igi Robinia máa ń tàn bí àwọ̀ yẹ́lò àti àwọ̀ ewé, mulberry tó jọ ọ́ gan-an kì í tàn.

Ní ti ìwúwo, ẹ má fi ọwọ́ sọ ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Ká ní pákó yín gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2.5. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ mítà kúbíìkì 0.0075. Bó bá wọn kìlógíráàmù 4.9, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 650 fún mítà kúbíìkì kan, ìrókò àti tíìkì lè wà níbẹ̀. Ká ní arère ni, pákó kan náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju kìlógíráàmù 3 lọ. Ká ní ekki ni, á tó 8, bí ẹ bá sì jù ú sómi, á rì. Pákó gbígbẹ nìkan ni kí ẹ wọ̀n, torí omi inú igi tútù lè sọ igi fúyẹ́fúyẹ́ di ẹrù. Ara igi kan náà ń yàtọ̀ láti ìdí dé orí, nítorí náà bí iye tẹ́ ẹ rí bá sún mọ́ ti inú ìwé, ó tẹ́ni lọ́rùn.

Òórùn wúlò bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igi náà, kì í sì í pẹ́ tó fi ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fa ìyẹ̀fun igi símú kí ẹ tó lè gbọ́ ọ. Láti 1995 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ti fi ìyẹ̀fun igi sára ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, imú ló sì ń bá jà jù. Ìyẹ̀fun mansonia àti ti ìrókò tún máa ń mú kí ara yún àwọn kan, kó sì mú kí wọ́n máa sín. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń dáná sun igi láti fi eérú rẹ̀ dá a mọ̀. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, pàápàá pákó àlòkù. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti rẹ sínú oògùn ikán tó ní arsenic nínú, èéfín rẹ̀ lè pani.

Kí ni gbogbo làálàá yìí wà fún? Yàtọ̀ sí pé kí wọ́n má baà tà á fún yín ju iye rẹ̀ lọ, òfin wà níbẹ̀. CITES, àdéhùn tí orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò ẹ̀dá tó wà nínú ewu, ti fi Swietenia macrophylla sínú ìwé rẹ̀ láti 2003, gbogbo Dalbergia láti 2017, àpá, ọ̀gànwó àti Pterocarpus ti ilẹ̀ Áfíríkà láti 2023. Wọ́n ṣeé tà kọjá ẹnubodè bí ìwé àṣẹ bá wà. Dalbergia nigra ti Brazil le ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti 1992 ni wọ́n ti dí òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ń kó àga tàbí gìtá tí wọ́n fi irú igi bẹ́ẹ̀ ṣe kọjá ẹnubodè láìmọ orúkọ rẹ̀ lè pàdánù ẹrù rẹ̀.

Ibì kan wà tí lẹ́ńsì dúró sí, ó sì yẹ kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ìdílé ni ó sábà máa ń fi hàn, kì í ṣe ẹ̀yà gan-an. Ó lè sọ pé oak funfun ni, kò lè sọ èwo nínú oak funfun, máíkírósíkópù pàápàá kì í sábà lè sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ ara igi jọ fẹnu kò sórí àkọsílẹ̀ àmì tí wọ́n ń lò, ti igi oníhò jáde ní 1989, ti aláìníhò ní 2004. InsideWood, tó wà lọ́dọ̀ yunifásítì North Carolina State, kó àpèjúwe àti àwòrán igi oníhò sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti wá. Bí ẹ bá sì ní láti mọ ẹ̀yà gan-an nítorí ẹjọ́, ilé àyẹ̀wò ló kù: wọ́n máa ń wo èròjà inú igi náà tàbí DNA rẹ̀, wọ́n á fi wé èyí tí wọ́n kó pamọ́.

Ẹni tó jẹ́ kí aráyé mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe lágbára tó ni Arthur Koehler, onímọ̀ ara igi ti Forest Products Laboratory ní Madison, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n jí ọmọ Charles Lindbergh, gbajúmọ̀ awakọ̀ òfuurufú, gbé ní 1932, àkàbà igi kan ni àwọn ajọ́mọgbé fi sílẹ̀. Koehler tú u palẹ̀, ó sì yẹ ìgbá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Kì í ṣe igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi kàn án: páìnì wà níbẹ̀, Douglas fir wà níbẹ̀, birch náà wà níbẹ̀. Ojú abẹ ẹ̀rọ ìfági tó wà lára pákó páìnì kan ló tọpa rẹ̀ dé ilé ìlagi kan ní South Carolina, láti ibẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń ta pákó ní Bronx. Nígbà ìgbẹ́jọ́ ní 1935, ó fi han ilé ẹjọ́ pé òrùka ọdún àti ojú ìṣó lára igi kan nínú àkàbà náà bá ti pákó àjà ilé Bruno Hauptmann, ẹni tí wọ́n ń gbẹ́jọ́ rẹ̀, mu. Ẹ ṣàkíyèsí pé nǹkan kan ṣoṣo lè ní igi mẹ́ta lára. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oak lè ní ìjókòó tó jẹ́ elm. Ibi tí ẹ bá yẹ̀ wò nìkan ni kí ẹ dárúkọ.

Bí ẹ bá máa fi pákó yín ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, ẹ gé èyí tó tó ìwọ̀n páálí ìṣáná, kó jẹ́ inú igi, kó jìnnà sí àárín gbùngbùn igi níbi tí òrùka ti kéré jù, kó má sì ní kókó. Ẹ má pa á lọ́dà, ẹ má fi sáńpépà ha á. Sára bébà tí ẹ máa fi dì í, ẹ kọ ibi tí pákó náà ti wá, bó bá ti pẹ́ tó tí ẹ ti ní i, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àti orúkọ tí ẹni tó tà á fún yín pè é. Ẹ fi èkejì rẹ̀ pamọ́ sílé.